Ìgò Kan, Sẹ́ẹ̀lì Méjì

Kí ó tó ṣí ìgò kan, Bàbá Olóúnjẹ a fi òwú tí ó ti rẹ sínú sípíríìtì nu ọrùn ìgò náà yípo. Á tún nu ún lẹ́ẹ̀kejì. Á gbé e sókè sí iná, á ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ètè rẹ̀ a máa mì díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà á tún nu ún lẹ́ẹ̀kẹta. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní bí Bàbá bá jókòó ti ìgò mẹ́ta, kí oníkálukú yáa máa lọ sílé. Bàbá a rẹ́rìn-ín, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ó mọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ àṣà yìí nínú wọn, nítorí ẹni tí ó pẹ́ jù nínú wọn kò tíì lo ọdún márùn-ún níbẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tí ó ti ń nu ọrùn ìgò lẹ́ẹ̀mẹta.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa bọ́ sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, ṣùgbọ́n ó wà láàyè. Bí a bá mú un kúrò lára ènìyàn, tí a fi í sínú ìgò, tí a ń fún un ní oúnjẹ olómi pupa, tí a sì gbé e síbi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò ní mọ̀ pé òun ti kúrò nílé. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ọkùnrin yìí ti ń ṣe é nínú láàbù kan náà, ní àjà kẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí kì í tì dáadáa. Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kò yàtọ̀. Ìyàwó rẹ̀, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ilé ìwé, máa ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé òun ní orogún tí kò níye, inú ìgò ni gbogbo wọn ń gbé, wọn kì í sì í fi ọkọ sílẹ̀ fún òun lọ́jọ́ ìsinmi.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ó ni láàbù. Obìnrin ni, ó kéré sí Bàbá ní ọdún mẹ́jọ, ó sì mọ̀ nípa sẹ́ẹ̀lì àti ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ ní ilé ẹ̀kọ́ náà. Nígbà tí ó kọ́kọ́ dé, páálí méjì ni ó gbé wá àti fíríìjì kékeré kan. Òun àti Bàbá ni wọ́n jọ gbé fíríìjì náà gun àtẹ̀gùn. Láti ọjọ́ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n ń pè é ní Bàbá, Bàbá ń pè é ní Ọ̀gá, wọn kò sì tíì bá ara wọn jà rí.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ọmọbìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé wọlé pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ apá. Oníṣirò ni wọ́n ń pè é, nítorí òun ni ó ń ka iye àpilẹ̀kọ tí olúkúlùkù ọ̀mọ̀wé ti kọ, àti iye ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn káàkiri ayé ti tọ́ka sí i nínú ìwé tiwọn. Wọ́n fẹ́ fi Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe olórí ilé ìwádìí tuntun tí wọ́n ń kọ́ lẹ́yìn pápá. Ìgbìmọ̀ tí yóò yàn án fẹ́ mọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ti wúwo tó.

"Bàbá, ẹ wá wo ọ̀gá yín nínú ìwé," Oníṣirò wí. Ó tẹ́ bébà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò. "Àpilẹ̀kọ mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀kan yìí. Ìtọ́kasí ẹgbẹ̀rún dín mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Bí ẹ bá kó gbogbo ọgọ́ta tó kù pọ̀, wọn ò pé irinwó. Ọ̀kan yìí ló ń ṣiṣẹ́ nílé, àwọn tó kù kàn ń jẹun ni."

Ó dúró de ẹ̀rín. Bàbá rẹ́rìn-ín fún un.

Oníṣirò yọ àpilẹ̀kọ náà fúnra rẹ̀ láti inú fáìlì, ó fi ìka hàn án ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó tọ́jú àwọn sẹ́ẹ̀lì. Lẹ́yìn náà ó yọ fọ́ọ̀mù kan. Ó ṣàlàyé pé ìgbìmọ̀ ní kí gbogbo ẹni tí ó lọ́wọ́ nínú àpilẹ̀kọ ńlá náà kọ ohun tí ó ṣe sílẹ̀. Ti Bàbá rọrùn: kí ó jẹ́rìí pé òun ni ó bọ́ sẹ́ẹ̀lì náà, àti pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ni wọ́n lóòótọ́, bí ìwé ti wí. Ìlà méjì àti ìfọwọ́sí. Ọjọ́bọ̀ ni òun yóò wá gbà á.

Bàbá ká fọ́ọ̀mù náà sí mẹ́rin, ó tì í bọ àpò aṣọ funfun tí ó wọ̀ ṣiṣẹ́. Nígbà tí Oníṣirò lọ tán, kò rántí èwo nínú àwọn ìgò ni ó ti bọ́ mọ́. Ó ní láti da gbogbo rẹ̀ nù.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò gùn. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan wá láti inú ẹ̀dọ̀. Ó ń fà, ó ń ṣàìsàn, a sì ní láti máa kẹ́ ẹ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ìkejì wá láti inú kókó jẹjẹrẹ, ó sì ń bí sí i bí èpò lẹ́yìn òjò. Òfin iṣẹ́ ni pé àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ pàdé lórí tábìlì. Oníkálukú ní ìgò oúnjẹ tirẹ̀. Bí o bá bọ́ ọ̀kan tán, wàá nu tábìlì, wàá dúró, kí o tó gbé ìkejì jáde. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oúnjẹ ti sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tán. Ìgò tuntun wà nínú yàrá tútù ní ìsàlẹ̀, àtẹ̀gùn mẹ́ta péré. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó fi ọ̀pá gíláàsì kan fa oúnjẹ láti inú ìgò oúnjẹ ti ẹ̀dọ̀, ó fún sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ó sì tún ti ọ̀pá kan náà bọ inú ìgò oúnjẹ náà láti fa ti ẹ̀dọ̀.

Ẹ̀kán kan tó láti da sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ pọ̀ mọ́ ti ẹ̀dọ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yára pọ̀. Ó wò wọ́n nínú maikirosíkóòpù. Ti ẹ̀dọ̀ máa ń tò bí táìlì ilẹ̀, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn wọ̀nyí ṣẹnu ṣóńṣó, wọ́n ń gun ara wọn lórí, bí ti jẹjẹrẹ. Ẹni tí ń bọ́ ọmọ lójoojúmọ́ kì í ṣi ojú ọmọ mọ̀. Ó dìde, ó lọ sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Àwòrán ni ó bá lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti pa jíìnì kan, ọ̀kan nínú àwọn àṣẹ tí ń darí sẹ́ẹ̀lì, lẹ́nu mọ́ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, ó ti fún wọn ní oògùn tí ó yẹ kí ó pa wọ́n, wọn kò kú. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ní ọdún tí ó ṣáájú, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá ìwé tí ó fi béèrè owó ìwádìí padà, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ni ó fi í sílẹ̀, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n fi yàrá rẹ̀ ṣe ibi ìkó-nǹkan-sí. Ó di ọwọ́ Bàbá méjèèjì mú. "Bàbá, wọ́n ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń wà láàyè o," ó ní.

Bàbá mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni kò jẹ́ kí wọ́n kú, ṣùgbọ́n ó gbé ọ̀rọ̀ mì. Ó ní òun yóò sọ ọ́ lọ́la. Ọ̀la di oṣù, oṣù di àpilẹ̀kọ.

Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tí Oníṣirò bá mú iye wá ni ara rẹ̀ máa ń bù máṣọ. Ogójì. Igba. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ní ọdún kan, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ti òkèèrè wá lo oṣù méjì lọ́dọ̀ wọn. Ó ti fi ọdún mẹ́rin gbìyànjú láti rí ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n rí lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀, kò rí i. Bàbá bá a nídìí agbada ìfọwọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń sunkún, ó ń ní bóyá ọwọ́ òun ni kò dára. Bàbá fún un ní aṣọ ìnujú. Ó sọ fún un pé bóyá omi ibẹ̀ ni. Títí di òní, nínú gbogbo irọ́ tí ó ti pa láyé rẹ̀, èyí nìkan ni ó máa ń gbọ́ ní etí ara rẹ̀.

Ní alẹ́ Ọjọ́rú, bí wọ́n ti ń jẹun, ìyàwó rẹ̀ wo àwo rẹ̀ tí kò dínkù.

"Bàbá wọn, ṣé ẹ pa èèyàn ni?"

"Mi ò mọ̀," ó ní.

Àwàdà ni ìyàwó rò pé òun ń ṣe. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Bàbá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ìgò dé orí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà, dé orí àwọn tí ń ṣe oògùn níbi tí òun kò mọ̀, tí wọ́n gbára lé ìwé náà. Ó ń retí pé kí ìyàwó rẹ̀ ní kò burú. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí ọmọ kan ní kíláàsì òun bá da íǹkì sórí ìwé ẹnìkejì rẹ̀, tí ó sá wá bá òun, òun máa ń dá a padà ni. "Mo máa ń sọ fún un pé èmi kọ́ ni mo ni ìwé." Ó kó àwo kúrò nílẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Bàbá kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n. Yàrá tóóró ni. Ìwé wà lórí àga àlejò, nítorí náà kò sí ẹni tí í jókòó níbẹ̀. Bébà Oníṣirò wà níwájú Ọ̀jọ̀gbọ́n, bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo orúkọ àwọn iṣẹ́ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ọ̀gá, wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ni," Bàbá wí. "Kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀."

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tí ń dúró de ìparí àpárá. Bàbá sọ ìparí rẹ̀. Ẹ̀rín náà wà lójú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kò rí ibi tí yóò lọ.

Kò pariwo. Ó béèrè ohun tí onímọ̀ ń béèrè: oṣù wo ni, ìgò wo ni, ṣé ṣáájú àwòrán àkọ́kọ́ ni àbí lẹ́yìn rẹ̀, èwo nínú èyí tí wọ́n fi pamọ́ sínú yìnyín ni ó ti wá. Bàbá dá a lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti tọ́jú ìdáhùn wọ̀nyí fún ọdún mọ́kànlá, wọn kò sì gbà á ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fa bébà súnmọ́ra. Ó fa ìlà sórí iṣẹ́ kan ní ìsàlẹ̀, èyí tí ó dúró lórí àpilẹ̀kọ ńlá náà. Ó fa òmíràn sórí èyí tí ó dúró lórí ìyẹn. Ó ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó fa ìlà sórí èyí tí ó fi gba oyè, àti sórí èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ fi di ọ̀mọ̀wé. Bàbá kò fẹ́ kà á, ó sì ń kà á. Ó di mẹ́rìnlá.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi nígbà náà?" Kò gbé ojú sókè.

Bàbá lè sọ ti àtẹ̀gùn. Ó lè sọ pé ẹ̀rù bà òun nítorí iṣẹ́.

"Ẹ ń rẹ́rìn-ín, Ọ̀gá."

Ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró. Ó wo Bàbá bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé. "Ta ló tún mọ̀?"

"Ìyàwó mi. Àná ni mo sọ fún un."

Bàbá yọ fọ́ọ̀mù náà, ó tẹ́ ẹ, ó fi sórí tábìlì. Ó ti kọ ìlà méjì sí i, pé òun ni ó bọ́ wọn, pé wọn kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, ó sì ti fọwọ́ sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n kà á. Bírò rẹ̀ ti dé orí iṣẹ́ ńlá náà lórí bébà, ó kàn án, ó dúró síbẹ̀, kò lọ síwájú, kò padà. Íǹkì ń tàn kálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Bàbá dúró kí Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí òun máa lọ. Níkẹyìn Bàbá ní, "Ọ̀gá, àsìkò oúnjẹ wọn ti tó. Ṣé kí n lọ bọ́ wọn?"

"Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n lónìí," Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Bàbá tẹrí ba díẹ̀, ó fa ilẹ̀kùn dé. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bọ́ aṣọ funfun, ó ká a, ó gbé e há abẹ́ apá. Ilẹ̀kùn láàbù ṣí sílẹ̀, ẹ̀rọ ń kùn nínú rẹ̀. Ó kọjá lára rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó jáde sí ojú ọ̀nà níbi tí oòrùn ti mú, ó sì ń lọ.