Iṣu Gbígbẹ àti Ihò Dúdú Ojú Ọ̀run

Òórùn iṣu àbọ̀sè tí a sá sórí àpáta ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bí mo ṣe gboyè ọ̀mọ̀wé. Bí o bá ti dé Dáásà nígbà ọyẹ́ rí, o mọ òórùn náà: ó dùn díẹ̀, ó kan díẹ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Lẹ́yìn ilé ìyá àgbà mi, àpáta kan wà tó tẹ́jú bí ẹní. Ibẹ̀ ni ìyá àgbà ń sá iṣu èlùbọ́ sí, ibẹ̀ nìkan náà sì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé. Bí èmi, kọ̀mpútà mi àti iṣu ṣe di alábàágbé nìyẹn.

Ihò dúdú kan tó wà láàrin gbùngbùn àkójọ ìràwọ̀ kan tó jìnnà réré ni mo ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀. Ihò náà fúnra rẹ̀ kò ṣeé rí. Ṣùgbọ́n gáàsì tó bá fẹ́ gbé mì máa ń yí i po, a gbóná kọjá àfẹnusọ, a sì máa tan irú ìtànṣán tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun ní ọsibítù. Afẹ́fẹ́ ayé kì í jẹ́ kí ìtànṣán yìí dé ilẹ̀, ìdí nìyẹn tí awò awọ̀nàjíjìn tó ń wò ó fi wà lókè lọ́hùn-ún, tó ń yí ayé po. N kò fojú kan awò náà rí. Nọ́ńbà tó ń fi ránṣẹ́ ni mo ń kà.

Lọ́dún tó yẹ kí n parí ẹ̀kọ́ náà, ìmọ́lẹ̀ ihò mi ṣàdédé rẹlẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí tí mo fẹ́ fi gboyè pé oúnjẹ ti tán lẹ́nu rẹ̀, pé iná ti kú, orí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo sì kọ́ gbogbo yòókù lé. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà ti kìlọ̀ pé bí ìdí yẹn bá yẹ̀, màá tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni. Ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́ ni mo gbọ́dọ̀ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má purọ́.

Ó kù kí n tẹ̀ ẹ́ kó lọ ni eruku ọyẹ́ bo ojú oòrùn. Gbogbo òkè tó wà lọ́nà Lèma pòórá, oòrùn wá ń ràn bàìbàì bí òṣùpá. Mo gbé kọ̀mpútà sílẹ̀, mo fa agbọ̀n, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó iṣu. Ìyá àgbà jáde, ó pòṣé.

"Ta ló ní kí o kó o?"

"Ìyá àgbà, oòrùn ti lọ."

"Ó lọ síbo? Fọwọ́ kan àpáta, ọkọ mi."

Mo fọwọ́ kàn án, kíá ni mo fà á yọ. Mo fẹ́ jiyàn pé ooru òwúrọ̀ ló kù lára òkúta. Ó di ọwọ́ mi mú, ó tẹ́ ẹ sí ojú ọ̀run, mo sì mọ̀ ọ́n lára pé oòrùn ń ta mí.

"Eruku ló ń kọjá," ló wí, ó ń da iṣu mi padà sórí àpáta. "Ìmọ́lẹ̀ ló dí, kò dí ooru. Alákọ̀wé!"

Mo rántí ihò mi, mo sáré padà sídìí kọ̀mpútà. Ìtànṣán tí à ń wò láti ara ihò náà kì í ṣe oríṣi kan: àwọn aláìlágbára wà tí gáàsì lè dí, àwọn alágbára sì wà tí ń gba inú rẹ̀ kọjá. Mo mọ èyí tẹ́lẹ̀ o. Mo kàn fẹ́ràn ìtàn iná tó kú jù, n kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo yà wọ́n níbẹ̀, láàrin iṣu. Àwọn aláìlágbára ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán; àwọn alágbára kò dín rárá. Ihò náà ń jẹun rẹ̀ lọ, ìkúùkù gáàsì kan ló dúró sáàárín àwa méjèèjì.

Mo kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n pé mo ti ṣìnà. Mo sunkún, nítorí mo mọ iye òru tó wọmi. Ìyá àgbà kò béèrè ìdí rẹ̀. Ó ní kí n máa yí iṣu.

Odindi ọdún kan ni mo fi tún ìwé náà kọ. Kí n tó parí rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ihò náà ti padà sí bó ṣe wà. Mo pe ìyá àgbà, mo sọ fún un. "Ẹ̀ẹ́n, eruku ti lọ nìyẹn," ló wí, ó sì béèrè bóyá èlùbọ́ mi ṣì kù.

Ìwé ẹ̀rí oyè mi ti wà lára ògiri báyìí. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ kọ ọ́ pé nǹkan kan ti tán, ọwọ́ mi a kọ́kọ́ wá àpáta yẹn.