Ọdún Tí Mo Gbé Pátákó Ràkúnmí

Òórùn ògì tí màámi ń sẹ́ ló máa ń jí mi lówùúrọ̀ Sátidé. Bí ó bá ti ń kan sí wa nímú nínú ilé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá, a mọ̀ pé bàámi ti wà lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú rédíò wọn. Wọ́n á ti sá bátìrì sóòrùn láti àná kó lè tún lágbára díẹ̀, wọ́n á fa irin rédíò náà síta, wọ́n á sì máa yí i kiri títí ohùn òyìnbó á fi jáde láàárín ariwo. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ ìbò Amẹ́ríkà ni wọ́n ń sọ lórí rẹ̀. Mo jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ń retí àkàrà, mi ò mọ̀ pé n ó di olóṣèlú kí oṣù náà tó parí.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà á rántí ìgbà náà. Àwọn ológun ló ń ṣèjọba, wọ́n sì ti fi àṣẹ dá ẹgbẹ́ òṣèlú méjì sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà, ọ̀kan ń gbé àwòrán ẹṣin, ọ̀kan ń gbé ti idì. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹṣin, kó yáa fẹ́ idì. Bí ọjọ́ ìbò bá sì dé, ìta gbangba ni àwọn àgbàlagbà ti máa ń tò sẹ́yìn àwòrán ẹni tí wọ́n fẹ́, wọ́n á máa kà wọ́n bí ọmọ iléèwé. Gbogbo àdúgbò ló ń rí ibi tí ọkọ tò sí àti ibi tí ìyàwó lọ. Ní ilé tiwa, màámi tò sẹ́yìn ẹṣin, bàámi tò sẹ́yìn idì, wọ́n sì jọ rìn padà wálé, wọ́n ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀.

Bàámi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí ẹ̀gẹ́ n'Ìbàdàn. Kí wọ́n tó bí mi, wọ́n rán bàámi lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà fún ọdún kan, abúlé ni wọ́n sì gbé níbẹ̀, nílé bàbá arúgbó kan tó ń gbin àgbàdo. Bàbá náà ló kó ìtàn àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú kéékèèké sí bàámi lórí, torí pé bàbá tó bí bàbá rẹ̀ ti wà nínú ọ̀kan rí. Bí àwọn ẹlòmíì ṣe ń kó bàtà àti aṣọ bọ̀ láti ìlú òyìnbó, ìtàn yìí ni bàámi kó bọ̀.

"Gbogbo ayé ló mọ Erin àti Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́," ni wọ́n máa ń wí, torí àmì ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì tó wà níbẹ̀ nìyẹn. "Ẹ jẹ́ n sọ ti àwọn tí ẹnikẹ́ni ò kà sí fún yín."

Ẹgbẹ́ kan wà láyé àtijọ́, wọ́n ní, tó jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ló ń wí: kí wọ́n yé mú èèyàn lẹ́rú. Wọ́n fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ìbò tí wọ́n rí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn, ó di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ tó lágbára jù wọ́n lọ, nígbà tó sì yá, lẹ́yìn ogun ńlá, àwọn ẹrú di òmìnira. Àwọn àgbẹ̀ náà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, èyí tí bàbá àgbà arúgbó yẹn wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní owó ọkọ̀ rélùwéè ń jẹ èrè oko àwọn tán, kí ìjọba gba rélùwéè lọ́wọ́ àwọn olówó, kí ẹni tó bá lówó jù máa san owó orí jù, kí ará ìlú sì máa fọwọ́ ara wọn yan sẹ́nétọ̀. Ẹgbẹ́ ńlá kan gbé ọ̀rọ̀ wọn mì, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ fọ́ yángá. Rélùwéè kò bọ́ sọ́wọ́ ìjọba bí wọ́n ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó orí àti ti sẹ́nétọ̀ di òfin lẹ́yìn wọn. Bàámi á wá gbé ojú sókè, wọ́n á ní, "Àwọn àgbẹ̀ ò wọlé o, ohun tí wọ́n ń béèrè ló wọlé."

Èyí tí màámi fẹ́ràn jù ni ẹgbẹ́ àwọn tí kò fẹ́ ọtí. Aládùúrà ni màámi, Mùsùlùmí ni bàámi, àwọn méjèèjì kì í fẹnu kan ọtí, nítorí náà ẹgbẹ́ yìí nìkan ni gbogbo ilé wa fẹnu kò lé lórí. Ràkúnmí ni àmì wọn, torí pé omi ló ń mu. Ariwo wọn pọ̀ títí wọ́n fi fòfin de ọtí ní gbogbo Amẹ́ríkà, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí àwọn èèyàn tó ní ara àwọn ò gbà á mọ́. Síbẹ̀ wọn ò sinmi, wọ́n ṣì ń fa èèyàn kalẹ̀ fún ipò ààrẹ nígbàkígbà tí ìbò bá dé.

"Ẹ ò rí i pé Ọlọ́run wà lẹ́yìn wọn?" ni màámi wí.

"Ọlọ́run wà lẹ́yìn wọn," ni bàámi dá wọn lóhùn, "olùdìbò ni ò sí níbẹ̀."

Ó ṣe é ṣe kí tíṣà wa, Mísítà Oyèkọ́lá, náà máa gbọ́ rédíò, torí pé lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n kéde pé àwa náà máa dìbò Amẹ́ríkà ní iléèwé. Nínú kíláàsì wa, Rájí ni yóò gbé pátákó Erin, Délé ni yóò gbé ti Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kálukú á sọ ohun tó máa ṣe fún iléèwé, a ó sì tò. Kò sí ẹni tó rò ó pé àwọn ará Amẹ́ríkà kì í tò. Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, bàámi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Mo nawọ́ sókè ní kíláàsì, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹgbẹ́ tó wà ní Amẹ́ríkà ju méjì lọ."

"Méjì yẹn tó wa," ni tíṣà wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ti Ràkúnmí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó dáa, Fúnmi, gbé ti Ràkúnmí. Bí o bá dá dúró lójú oòrùn o, má sunkún sí mi lọ́rùn."

Mo ní ohun tí mo fẹ́ béèrè fún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwa ọmọbìnrin là ń ru omi láti ilé wá kún dúrọ́ọ̀mù iléèwé. Wọ́n ní tàwọn ọkùnrin ni koríko gígé, a sì gbà bẹ́ẹ̀ nígbà òjò. Ṣùgbọ́n koríko wo ló ń hù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ọwọ́ lásán ni àwọn ọmọkùnrin ń jù bọ̀, omi á máa dà sí wa lára nínú ọyẹ́, àwọn ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bu omi náà mu. Ó ń bí mi nínú gan-an. Mo pinnu pé ohun tí Ràkúnmí tèmi máa wí nìyẹn.

Màámi bá mi wá páálí, mo sì ya ràkúnmí sí i. Ó jọ ewúrẹ́ tó gbé ẹrù pọ̀n. Màámi wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ta ni yóò tò sẹ́yìn rẹ?"

"Sìkírà," ni mo wí. Ọ̀rẹ́ mi ni.

"Sìkírà nìkan?" ni màámi wí.

Nígbà tó di Jímọ̀, gbogbo iléèwé kóra jọ sí pápá. Rájí ṣèlérí bọ́ọ̀lù tuntun, wọ́n hó yèè. Délé ní kí àkókò eré gùn sí i, wọ́n fi ohùn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ dá a lóhùn, òun náà sì ké bíi rẹ̀, gbogbo wa kú fún ẹ̀rín. Ó wá kan èmi. Mo gbé pátákó mi sókè, mo ní, "Bí Ràkúnmí bá wọlé, ọkùnrin náà á máa ru omi!"

Àwọn ọmọkùnrin pariwo bí ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin pàtẹ́wọ́. Tíṣà fun fèrè pé kí wọ́n tò, mo sì rí ohun tí mi ò lérò: àwọn ọmọbìnrin ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ìlà ń gùn lẹ́yìn mi! Inú mi dùn, mo gbé pátákó mi ga sí i.

Rájí náà rí i. Ó kígbe pé, "Àwa Erin náà á ru omi o!" Ìlà mi mì díẹ̀. Délé bá fò sókè, ó ní, "Ẹ wò ó, nínú erin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, èwo ló ń ru ẹrù? Àwa la máa rù ú jù!"

Kí n tó ṣẹ́jú, àwọn ọmọbìnrin ti sá lọ sẹ́yìn Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, pẹ̀lú ẹ̀rín. Sìkírà ló kù, àti ọmọbìnrin kékeré kan láti kíláàsì kìn-ín-ní, tó ní òun fẹ́ràn ewúrẹ́ tí mo yà. Tíṣà ka ìlà wa lójú gbogbo ayé. Oòrùn mú, ojú ń ta mí, ẹ̀rín wọn ń wọ̀ mí lára. Sìkírà di aṣọ mi mú lẹ́yìn. Mi ò sọ pátákó náà sílẹ̀ títí wọ́n fi kéde pé Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló wọlé, mo sì gbé e bẹ́ẹ̀ délé kí n tó bú sẹ́kún.

Bàámi gbọ́ ọ tán, wọ́n fi ẹsẹ̀ jó. "Ó mà ti wọlé o! Ìyá Fúnmi, ọmọ rẹ ti wọlé!" Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ní Mọ́ńdè, mo gbé garawa omi mi lórí bọ̀ ní ojú ọ̀nà iléèwé, mo sì gbọ́ ariwo lẹ́yìn. Délé ló ń bọ̀, kẹ́ẹ̀gì omi wà lórí rẹ̀, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ká òṣùká. Àwọn ọmọkùnrin tò tẹ̀ lé e, àwọn kan gbé garawa, àwọn kan gbé kòkò ìdáná ìyá wọn, omi ń dà sí wọn lọ́rùn, wọ́n ń ké bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Rájí náà wà láàárín wọn. Tíṣà dúró lẹ́nu géètì, wọ́n ní, "Ẹnu yín lẹ fi sọ ọ́, kò sí ẹni tó tì yín." Dúrọ́ọ̀mù kún kí agogo tó lù. Mo rẹ́rìn-ín títí garawa fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lórí mi, bẹ́ẹ̀ ni a sì ṣe é títí mo fi kúrò ní iléèwé náà.

Mo ti dàgbà báyìí. Bí mo bá lọ dìbò, mo máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta síbẹ̀, mo tẹ̀ka, mo ká ìwé mi, ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí mo lọ. Ohun tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ara mi ti mọ́ fífara pamọ́ náà jù. Bí a bá ń ṣèpàdé níbi iṣẹ́ tàbí ti àwọn onílé àdúgbò wa, mo máa ń dákẹ́ títí n ó fi rí ibi tí èrò pọ̀ sí, n ó wá nawọ́ tèmi. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yẹn máa ń wá sí mi lọ́kàn, tó dúró lójú oòrùn pẹ̀lú ẹni méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ó láyà jù mí lọ, inú mi sì ń dùn pé èmi ni mo jẹ́ ẹ rí. Bí wọ́n bá ní ká tò lónìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa lọ dúró sí, kí gbogbo ayé rí mi.