Ọwọ́ Káfíńtà Lára Mọ́tò

Mo-lè-ṣe-é ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, orúkọ náà sì bá a mu. Káfíńtà ni. Òun ló kan gbogbo ilẹ̀kùn ilé wa, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ń ké bí a bá ṣí i. Ṣùgbọ́n kò gbà pé iṣẹ́ kan wà tí kì í ṣe tòun. Ó ti tún páìpù ṣe, ó ti tú fáànù palẹ̀, ó tiẹ̀ fẹ́ bá mi gẹ irun lẹ́ẹ̀kan, èmi onídìrí!

Nígbà tí ẹsẹ̀ iwájú mọ́tò ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, mẹkáníìkì tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi ní béárìn ló ti jẹ, irin róbótó tó ń jẹ́ kí táyà yí geere. Ó ní kí wọ́n gbé e wá. Bọ̀dá mi kàn rẹ́rìn-ín ni. Nígbà tó di Sátidé, ó ra àpótí irinṣẹ́ ọ̀pọ̀kú kan, òrùka irin oríṣiríṣi ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú síkúrúù gbọọrọ kan tí wọ́n fi ń fa béárìn jáde.

Mo jókòó tì í ní ẹ̀yìnkùlé. Ọkàn mi ò gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Òrùka àkọ́kọ́ tẹ̀ bíi ṣíbí. Ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó lù, ó fà, ó làágùn, títí béárìn àtijọ́ fi já bọ́, tí tuntun sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó wá ku nọ́ọ̀tì ńlá àárín, èyí tó di gbogbo rẹ̀ mú. Ó rọra ń fún un, ó dẹ etí sí i bó ṣe máa ń ṣe nídìí pákó, ó sì dáwọ́ dúró.

"Bọ̀dá mi, ṣé ó ti le tó báyẹn?"

"Ìwọ gbájú mọ́ irun ẹ. Téèyàn bá fún nǹkan jù, á là. Àṣejù, baba àṣetẹ́."

Ohun tí ọgá tó kọ́ ọ níṣẹ́ fi sí i létí nìyẹn, kò sì já a kulẹ̀ rí. Lọ́jọ́ kejì, ó wa mọ́tò náà yí àdúgbò ká, kò kùn mọ́. Ìyàwó wa yìn ín, Màmá súre fún un. Èmi nìkan ni ara mi ò balẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ?

Lọ́jọ́ Ajé, ìyàwó wa gbé Màmá lọ rí dókítà ojú. Ọ̀nà ibẹ̀ gba orí òkè, ó sì ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dé ìdí afárá. Èmi ní tèmi wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́ fún mẹkáníìkì, mo ń fọwọ́ júwe bó ṣe rọra fún nọ́ọ̀tì bí ẹni ń dé ìgò. Mo ń retí ẹ̀rín. Ọkùnrin náà gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

"Àǹtí, gbogbo ara lèèyàn fi ń rọ̀ mọ́ sípánà kéèyàn tó fún nọ́ọ̀tì yẹn. Mọ́tò náà dà?"

Mo pe ìyàwó wa, kò gbé e. Mo tún pè é, ó ń dún, ó ń dún. Afárá yẹn nìkan ni mo ń rí lójú mi. Ìgbà kẹta ló tó gbé e.

"Ẹ ṣé tẹ́ ẹ pè, Àǹtí mi. Mọ́tò yìí ń gbọ̀n o. A ti dé orí òkè, mo ní kí n kúkú rọra sọ̀ kalẹ̀ ná."

"Má sọ̀ o! Dúró síbẹ̀! Dúró!"

Nígbà tí èmi àti mẹkáníìkì fi máa débẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, tí ìyàwó rẹ̀ ti pè, ti ṣáájú wa dé, òun àti àpótí rẹ̀. Táyà náà ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka méjì péré kan nọ́ọ̀tì, nọ́ọ̀tì yí. Ó tún yí i, bí ẹni tí kò gba ojú rẹ̀ gbọ́. Ó wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà títí dé afárá.

Màmá ṣì wà ní ìjókòó ẹ̀yìn, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé o ti tún un ṣe tán? Jẹ́ ká máa lọ o, dókítà ń retí wa."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé sípánà lé mẹkáníìkì lọ́wọ́, ó ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀, Màmá. Mi ò lè ṣe é."