Ọ̀rọ̀ Tí Tísà Olúdáìsí Kà Léèwọ̀

Nígbà tí Moríyọ̀ bá ọkọ rẹ̀ dé Enugu ní ọdún 1954, kò gbọ́ ju "good morning" lọ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọjà Ògbètè ni ó ti kọ́ ìyókù, lẹ́nu àwọn obìnrin tó ń ta iṣu àti epo, ọ̀rọ̀ tó sì wúlò fún un jù lọ ni "get." I get yam. You get change? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló fi ń ná ọjà, tó fi ń bá aládùúgbò ṣàwàdà, òun náà ló sì fi sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun lóyún: I get belle.

Àfi bí ó ṣe jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ọkọ rẹ̀ kórìíra. Alfred Olúdáìsí, ọmọ Abẹ́òkúta, ni tísà Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú náà. Ó ní ọ̀lẹ nìkan ní í fi "get" sọ gbogbo nǹkan. Bí ènìyàn bá gba ẹ̀bùn, kó ní "receive." Bí ó bá dé ibì kan, "arrive." Bí ọ̀rọ̀ bá yé e, "understand." Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi "get" sínú àròkọ, pàṣán ni. Ti Moríyọ̀ yàtọ̀. Bí ó bá ṣèèṣì sọ ọ́ nídìí oúnjẹ, Alfred yóò dìde dúró, yóò máa ka àwọn ọ̀rọ̀ tó lè rọ́pò rẹ̀ títí ọbẹ̀ yóò fi dì.

Moríyọ̀ kò sì lè sá pamọ́ sínú Yorùbá. Alfred ti fòfin dè é nínú ilé, pé kò ní í jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ já gaara. Bí Moríyọ̀ bá sọ Yorùbá sí i, ògiri ni yóò máa wò, bí ẹni pé atẹ́gùn ló fẹ́ kọjá. Edith, àkọ́bí wọn, ọmọ ọdún méje, ló fi ṣe ọlọ́pàá. Inú ọmọ náà a máa dùn bí ó bá mú ìyá rẹ̀, bàbá a sì fún un ní bisikíìtì.

Nígbà ọyẹ́ ọdún 1962, àìsàn kọlu Ìgè, àbúrò Edith, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Láti àárọ̀ ni ara ọmọ náà ti gbóná, ó ń bì, ọrùn rẹ̀ sì gan bí igi. Alfred ń ṣe àwọn tísà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì lálejò ní pálọ̀. Moríyọ̀ gbé ọmọ wọlé bá wọn.

"Bàbá Edith, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọmọ yìí."

Alfred yíjú sí ògiri. Moríyọ̀ rántí òfin.

"Ìgè get fever," ó ní. "Him neck get strong."

Alfred rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn àlejò rẹ̀. Ó ní kí ó wá ọ̀rọ̀ mìíràn fi dípò "get," nígbà náà ni òun yóò tó gbọ́.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Moríyọ̀ ti há sórí láti ọdún mélòó kan wá tú ká bí àgbàdo tó dànù.

"Ìgè obtain fever."

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín. Moríyọ̀ tún un sọ, ó ní "receive." Èkejì ń nu omijé ẹ̀rín. Edith rọ̀ mọ́ àga bàbá rẹ̀, ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Moríyọ̀ ṣì dúró tó ń wá òmíràn, títí Alfred fi júwọ́ sí i pé kó lọ fi omi tútù wẹ ọmọ, tí àwọn àlejò bá lọ, àwọn óò yẹ̀ ẹ́ wò.

Inú kíṣìnì ni gìrì ti gbé Ìgè. Moríyọ̀ kò padà sí pálọ̀. Ó pọ̀n ọ́n, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó sáré lọ bá Sikirat, ará Ọ̀fà bíi tirẹ̀, tó fẹ́ télọ̀ kan lójú ọ̀nà Ògúì. Sikirat ló dá takisí dúró. Òun náà ló fi Ìgbò bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ ní ọsibítù.

Ìgè kò kú. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbádùn, bí ìlẹ̀kùn gbá gbàà lẹ́yìn rẹ̀, kò ní í wẹ̀yìn. Dókítà ní àìsàn náà ti ba etí rẹ̀ jẹ́, kò sí àtúnṣe. Ó ní bóyá ká ní wọ́n tètè gbé e wá ni.

"Bóyá" yẹn kò jẹ́ kí Moríyọ̀ fojú kan oorun. Ẹ̀rín àwọn àlejò kọ́ ló dùn ún jù. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé òun dúró síbẹ̀, òun ń ṣa ọ̀rọ̀, nígbà tí ọmọ òun ń jóná lọ́wọ́ òun.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ó gbọ́ tí Alfred ń ṣàlàyé fún àwọn ará ìjọ. Ó ní àìmọ èdè lò ìyàwó òun ló fà á. Ká ní ó sọ pé "He is ill," òun ì bá ti dìde. Àwọn ènìyàn bá a kẹ́dùn, wọ́n ní Ọlọ́run yóò tù ú nínú.

Lọ́jọ́ kejì, Moríyọ̀ di ẹrù. Alfred ní kó máa mú Ìgè lọ, kí ni òun fẹ́ fi adití ṣe nílé tísà? Ṣùgbọ́n Edith kò ní í kúrò. Edith fúnra rẹ̀ ní òun kò bá ará oko lọ síbì kankan.

Moríyọ̀ kúnlẹ̀ níwájú ọmọbìnrin rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ọmọ mi, mi ò bínú sí ọ. Ibi yòówù tí mo bá wà, ilé rẹ ni."

Edith gbójú sókè wo bàbá rẹ̀. "Daddy, what is she saying?"

"Nothing," ni Alfred fi dá a lóhùn.

Sikirat, tó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, gbé àpótí rù. Moríyọ̀ pọn Ìgè, wọ́n sì kọrí sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin.