Aṣọ Pupa Tí A So Mọ́ Ọ̀pẹ

Ẹ kò ní gbà mí gbọ́. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi pàápàá, tí mo ti ń pa irọ́ kéékèèké fún láti ìgbà tí mo ti ń fẹ́ ẹ, sọ pé èyí ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti jókòó síwájú àwọn kánsẹ́lọ̀ rí, tí wọ́n ń bi yín léèrè ohun tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe, ó ṣeé ṣe kí ẹ ṣàánú mi díẹ̀.

Ẹ̀ka iṣẹ́ òde ni mo wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ọ̀nà, kòtò ojú títì, afárá kéékèèké, àwa la ni ín. Ẹńjiníà ni ọ̀gá mi, èmi ni igbákejì rẹ̀. Ìtumọ̀ igbákejì ni pé bí ìyìn bá dé, ọ̀gá á gbà á. Bí ìbéèrè bá dé, wọ́n á pè mí. Bí ewúrẹ́ ṣe ń gbọ́ òórùn òjò lọ́ọ̀ọ́kán ni ọ̀gá mi ṣe ń gbọ́ òórùn ìbéèrè. Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, ó ti wà ní Àkúrẹ́ fún ìpàdé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà abúlé kan lẹ́yìn Erinje ni. Ẹ̀gẹ́ àti epo pupa ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, mọ́tò kankan kì í wọ ibẹ̀ mọ́. Orí ni àwọn obìnrin fi ń ru gààrí dé ojú títì. Ní òjò tó kọjá, orí ilẹ̀kùn tí wọ́n yọ lára ilé ni àwọn ọkùnrin fi gbé aboyún kan tó ń rọbí. Kò dé ilé ìwòsàn. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló bímọ sí, Ọlọ́run ló yọ ìyá àti ọmọ. Ìdí nìyẹn tí inú gbogbo wa fi dùn nígbà tí ìpínlẹ̀ yá wa ní katapílà kan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tiwa títí ayé o. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti parí, ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ti ń dúró dè é, òjò náà sì ti ń ṣú.

Kí katapílà tó lè ṣiṣẹ́, a gbọ́dọ̀ gé àwọn ọ̀pẹ tó wà létí ọ̀nà. Àwọn tó ni ín ti gbà níwájú gbogbo abúlé. Ohun tó kù ni kí a sàmì sí èyí tí a ó gé. A fi ọ̀dà sàmì sí i, òjò fọ̀ ọ́ kúrò ní òru ọjọ́ kan. Mo pe ọ̀gá mi lórí fóònù.

Ó ní, “Ṣé o kò rí àwọn sọ̀fíyọ̀ rí ni? Ra aṣọ pupa. Pupa ló ń hàn láàárín ewé.”

Mo ra aṣọ pupa lọ́jà Àyèká. Èmi àti àwọn òṣìṣẹ́ mi fà á ya ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, a sì so ó mọ́ ọ̀pẹ kọ̀ọ̀kan ní ìbàdí. Ó lẹ́wà. Ó hàn láti ọ̀nà jíjìn.

Mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in tẹ́rùn. Ọmọ àgbẹ̀, ọmọ Ìkálẹ̀, tó mọ ohun tí à ń pè ní ààlè kó tó mọ ABD, ló lọ so aṣọ pupa mọ́ igi onígi láàárín oko, tó sì lọ sílé lọ jẹ pùpùrù.

Láti ọjọ́ kejì, ọ̀nà náà dá páropáro. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú igbó. Ẹyìn pọ́n, ó já bọ́, ẹnikẹ́ni kò ṣà á. Àwọn agégi tí a háyà wá láti Ìjù-Odò dé, wọ́n wo ọ̀pẹ, wọ́n wo ara wọn, wọ́n tún ẹ̀rọ ìgégi wọn gbé.

Olórí wọn sọ fún mi pé, “Ọ̀gá, ẹni tó so ó ni kó gé e.”

Katapílà dúró. Awakọ̀ rẹ̀ ń sùn lábẹ́ ibòji rẹ̀. Nígbà tó wá ku ọ̀la nìkan kí wọ́n gbé e lọ, ilé ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ pè mí láàárọ̀.

Líídà wọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, lẹ́yìn àdúrà.

“Ọ̀gbẹ́ni, ta ló pa ààlè sí ọ̀nà ìjọba?”

“Ọlọ́lá, kì í ṣe ààlè. Àmì ni.”

“Àmì kí ni? Àmì ikú?” Kánsẹ́lọ̀ tó ń ṣojú abúlé náà ló já lu ọ̀rọ̀. Ọkùnrin gìrìpá ni, abúlé yẹn ni ìyá rẹ̀ ṣì ń gbé. Yorùbá ilé ìwé ló fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí inú ti ń bí i, èdè Ìkálẹ̀ ló bọ́ sí, mo kàn ń tún un sọ fún yín ni. “Ìyá mi kò jáde láti ìjẹta! Ó ní ìjọba ti fi nǹkan dí ọ̀nà. Ẹ̀yin tí a rán pé kí ẹ la ọ̀nà!”

“Ọlọ́lá, aṣọ tí mo rà lọ́jà ni.”

“Ṣé wọn kì í ra aṣọ ààlè tòótọ́ lọ́jà ni?”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi kò rín.

Kánsẹ́lọ̀ obìnrin kan wà níbẹ̀, ìyá àgbà nínú ìjọ aláṣọ funfun. Ó rọra fa ẹ̀rọ gbohùngbohùn súnmọ́ ara rẹ̀. “Ọmọ mi, nínú gbogbo àwọ̀ tí Ọlọ́run dá, pupa lo rí? Àwa kì í tilẹ̀ mú un wọ inú ilé àdúrà. Funfun ń kọ́?”

“Màmá, bí mo bá so funfun, ẹ̀yin ìjọ yín á ti bọ́ bàtà síbẹ̀, ẹ ó máa gbàdúrà. Katapílà kò ní rí ibi gbà.”

Màmá gbìyànjú láti bínú, ẹ̀rín borí rẹ̀. Mo rò pé mo ti bọ́.

Líídà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. “Aṣọ lásán ni, àbí?”

“Aṣọ lásán ni, Ọlọ́lá.”

“Ó dáa. Lọ́sàn-án yìí, gbogbo ilé á tẹ̀lé ọ. Ìwọ fúnra rẹ ni wàá tú u níṣojú abúlé, kí àwọn agégi lè rí i.”

Ọkàn mi balẹ̀ wọ̀ọ̀. Kí ló wà nínú pé kí n tú ohun tí mo so?

Kánsẹ́lọ̀ gìrìpá wá ní, “Títí kan èyí tó wà ní òdìkejì odò.”

Odò kékeré kan wà nísàlẹ̀ abúlé náà. A kò sọdá odò náà. Àwọn ọ̀pẹ tó wà lọ́hùn-ún jìnnà sí ọ̀nà, kò sí èyí tí a fẹ́ gé nínú wọn. A kò so nǹkan kan mọ́ igi kan níbẹ̀.

Mo ní, “Ọlọ́lá, èwo ni ti òdìkejì odò?”

Líídà lu tábìlì. “Òṣìṣẹ́ kì í béèrè ìbéèrè nínú ilé yìí. Ìdáhùn la pè ọ́ fún. Ṣé wàá tú u, àbí o kò ní tú u?”

Ẹ bá mi rò ó. Bí mo bá ní kì í ṣe tiwa, wọ́n á ní ṣé ẹ rí i, ojúlówó ààlè wà níbẹ̀. Agégi kan kò ní fọwọ́ kan ọ̀pẹ kan, katapílà á lọ, obìnrin mìíràn á sì gun orí ilẹ̀kùn nínú òjò tó ń bọ̀. Bí mo bá sì ní tiwa ni, ọwọ́ mi yìí ni màá fi tú ohun tí n kò mọ ẹni tó so ó. Mo wo àjà.

Mo ní, “Màá tú gbogbo rẹ̀.”

Lọ́sàn-án, gbogbo wa dé abúlé. Àwọn ará abúlé dúró lókèèrè, àwọn ìyá di ọmọ wọn mú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú tiwa, igi kan dé òmíràn. Mo ń fi wọ́n ṣeré, mo fi ọ̀kan nu ojú, mo fi ọ̀kan wé ọrùn. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Olórí agégi kàn ń wo ọwọ́ mi.

A sọdá odò lórí igi tí wọ́n dá bùú. Ọ̀pẹ kékeré kan ló dúró níbẹ̀, aṣọ pupa lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí kò jọ tèmi. Wọ́n ti so ìkarahun ìgbín mọ́ ọn, wọ́n fi ṣàṣá ìgbálẹ̀ kọ́ ọn. Bàbá arúgbó kan jókòó sórí àpótí nítòsí, ó ń rin pákò.

“Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ìjọba,” ni bàbá wí.

Mo ní, “Ẹ kú ìjókòó, Bàbá. Ta ló so èyí?”

“Èmi ni.”

“Kí ló dé, Bàbá?”

“Mo rí i pé ìjọba ti pa ààlè sí tiwọn. Mo ní kí èmi náà tètè pa á sí tèmi, kí wọ́n má baà gbà á mọ́ tiwọn.”

“Bàbá, a kò ní gé tiyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tú u.”

“Èmi kọ́ ló ṣèlérí. Wọ́n ti fóònù wá láti ilé ìgbìmọ̀ yín pé ìwọ lo ní wàá tú u.”

Mo rẹ ohùn sílẹ̀. “Bàbá, ṣé aṣọ lásán ni?”

“Tìrẹ ń kọ́?”

“Aṣọ lásán ni tèmi.”

“Mo gbọ́,” ni bàbá wí, ó tutọ́ pákò sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ṣé mo bá ọ jiyàn?”

Màmá aláṣọ funfun ti bọ́ bàtà rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì. Kánsẹ́lọ̀ gìrìpá, tó ti ń pariwo láti àárọ̀, mo wá a tì. Ẹ̀yìn líídà ló wà. Mo na ọwọ́ ọ̀tún. Bàbá so ó le dáadáa. Mo ń fa kókó náà, ẹ̀gún ọ̀pẹ gún mi láàárín àtẹ́lẹwọ́, mo sì gé ahọ́n jẹ kí n má baà ké. Ìkarahun já bọ́. Aṣọ tú.

Gbogbo wọn tẹjú mọ́ ọwọ́ mi. Èmi náà ń retí ohun tí wọ́n ń retí.

Mo yíjú sí olórí agégi. “Ó ti tán. Ṣé kí a bẹ̀rẹ̀?”

Ó mi orí. “Ọ̀gá, ààlè kì í múni lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Bí a bá rí yín láàárọ̀ pé ara yín le, a ó gé e.”

Ilẹ̀ mọ́. Mo jí, ọwọ́ ọ̀tún mi ti wú bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n.

Ìyàwó mi wò ó. “Ẹ̀gún ọ̀pẹ ni.”

“Mo mọ̀.”

“Kí ló wá dé tí ẹ fi ń gbọ̀n?”

Mo wọ bùbá tí ọwọ́ rẹ̀ gùn jù, mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo sì gba Erinje lọ. Gbogbo abúlé ti jáde. Awakọ̀ katapílà ti gun ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń wo aago. Àwọn agégi tò sójú kan, olórí wọn sì jáde láàárín wọn, ó na ọwọ́ ọ̀tún sí mi.

“Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀ o.”

Ẹ mọ̀ pé a kì í fi òsì kí èèyàn nílẹ̀ wa. Mo fa ọwọ́ mi yọ, apá bùbá bò ó dé ìka, mo sì fi lé e lọ́wọ́. Ó gbá a mú. Kò fi í sílẹ̀. Ó ń fún un, ó ń wò mí lójú, gbogbo abúlé ń wo àwa méjèèjì. Ìrora náà gba apá mi gòkè dé eyín. Mo la ẹnu, mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

“Ọ̀gá, omi ń bọ́ lójú yín.”

Mo ní, “Ayọ̀ ni. Ẹ lọ ṣiṣẹ́.”

Ó tún fún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá fi í sílẹ̀, ó fa okùn ẹ̀rọ ìgégi, ariwo sì gba gbogbo oko. Mo rọra rìn lọ sẹ́yìn katapílà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí mi, mo fi ọwọ́ náà sáàárín itan, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì ké tìrora tìrora. Ọ̀pẹ àkọ́kọ́ ṣubú kí n tó ké tán.