Ìṣẹ́jú Mẹ́tàlá Nínú Ìwé Màmá Aago

Ọdún kọkànlélógún rèé tí Màmá Aago ti ń jókòó sẹ́yìn gíláàsì ilé-iṣẹ́ rédíò wa, tó ń kọ gbogbo ohun tó bá gba orí afẹ́fẹ́ kọjá sínú ìwé. Àjọ tó ń fún wa ní ìwé àṣẹ ló pa á láṣẹ bẹ́ẹ̀: ìgbà tí ètò bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó parí, ẹni tó sọ̀rọ̀, iye ìṣẹ́jú tí rédíò fi dákẹ́ bí iná bá lọ. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń kọ tiwọn. Wọ́n á jókòó ti ife tíì, wọ́n á máa hun ún bí àlọ́. Màmá ò mọ̀ ọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Aago méjì ló ń dè mọ́ ọwọ́, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, nítorí kò fọkàn tán èyíkéyìí nínú wọn.

Èmi ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà. Olóhùn Oyin ni àwọn olùgbọ́ ń pè mí, mi ò sì bá wọn jiyàn. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò bu iyì kún mi, ṣùgbọ́n bí mo bá tiẹ̀ fi pamọ́, ó wà nínú ìwé Màmá.

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan ni. Mo ti ìlẹ̀kùn yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ látinú kí ẹnikẹ́ni má bàa dí mi lọ́wọ́, mo wá ń ka ìkéde àwọn tó ń ta ilẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sán ti wọ̀ mí lára. Mi ò mọ ibi tí mo ka ìkéde náà dé. Nígbà tí mo lajú, Màmá ń fi bàtà lu gíláàsì.

Kí n tó lọ sílé, mo wọ inú kọ̀ǹpútà, mo pa ohùn ọjọ́ náà tó gbà sílẹ̀ rẹ́. Mo rò pé ó parí. Ni mo bá yọjú wo ìwé Màmá. Ohun tó kọ nìyí: "Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n títí di ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì. Ọ̀gá sùn. Ìhanrun ló lọ sórí afẹ́fẹ́. Ó lágbára."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya ojú ìwé yìí. Ẹ kọ ọ́ pé iná lọ."

"Iná ò lọ, ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ lọ."

"Èwo wá ni 'ó lágbára'? Ṣé Àjọ ní kẹ́ẹ kọ ìyẹn?"

"Wọ́n ní ká kọ bí ohùn bá ṣe rí."

Inú bí mi. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Mo lérí pé màá gbé e lọ síwájú ilé, kó lọ máa ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Ó ní kò burú, pé ìwé wo lòun yóò máa kọ orúkọ àwọn àlejò náà sí?

Kò pé oṣù kan tí ìwé ẹ̀sùn dé. Agbaṣẹ́ṣe kan tí afárá tó kọ́ ti wó ló fi wá sun Àjọ. Ó ní ní aago méjì kọjá ogójì ìṣẹ́jú lọ́jọ́ Ọjọ́rú yẹn, rédíò wa pe òun lólè. Bóyá rédíò mìíràn ló gbọ́, bóyá ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, èmi ò mọ̀. Oṣù yẹn gan-an ni ìwé àṣẹ wa ń parí. Bí wọ́n bá dá wa lẹ́bi, wọn ò ní tún un ṣe, àwa mẹ́rìnlá tó ń jẹun níbẹ̀ yóò sì padà sílé. Ẹ̀rù bà mí. Òfin ní ká tọ́jú gbogbo ohùn fún àádọ́rùn-ún ọjọ́, èmi sì ti fọwọ́ ara mi pa ẹlẹ́rìí wa rẹ́.

Olùyẹ̀wò tí Àjọ rán wá jẹ́ obìnrin kékeré kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Agbaṣẹ́ṣe tẹ̀ lé e.

"Ohùn ọjọ́ yẹn dà?" ló kọ́kọ́ bi mí.

Mo wúkọ́ títí, mo wá jẹ́wọ́ pé mo ti pa á rẹ́. Màmá tẹ́ ìwé rẹ̀ síwájú obìnrin náà. Olùyẹ̀wò kà á sókè, ó kà á dé "ó lágbára". Mo ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì, ilẹ̀ ò dá mi lóhùn.

"Irọ́ ni!" agbaṣẹ́ṣe pariwo. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ ni!"

Olùyẹ̀wò wo Màmá. "Màmá, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé òótọ́ ni?"

"Ẹ ṣí ibòmíì, ọmọ mi."

Ó ṣí i. "Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjì. Èmi ni mo da tíì sórí ẹ̀rọ. A dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ẹ̀bi mi ni." Ó tún ṣí òmíràn. Mo mọ ojú ìwé yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n pe Màmá lórí fóònù pé ọkọ rẹ̀ ti kú ni. "Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ẹkún mi wọ inú ìròyìn. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin." Kò kọ ohun tó fa ẹkún náà, torí Àjọ ò béèrè.

Olùyẹ̀wò fọwọ́ méjèèjì pa ìwé náà dé, ó wá kọjú sí mi.

"Ọ̀gá, ṣé lóòótọ́ lẹ sùn?"

"Mo sùn."

"Ẹ sì hanrun?"

"Ó lágbára, mà."

Agbaṣẹ́ṣe fúnra rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, kó tó rántí pé ẹjọ́ òun ló ń wó lọ bí afárá rẹ̀.

Wọ́n tún ìwé àṣẹ wa ṣe. Àjọ tiẹ̀ fi ẹ̀rọ kan ràn wá lọ́wọ́, tó ń gba ohùn sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọwọ́ Màmá nìkan ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Ìyà tèmi ni pé kí n fi àárọ̀ mẹ́ta tọrọ àforíjì lórí afẹ́fẹ́, nítorí ìhanrun àti nítorí ohùn tí mo pa rẹ́. Ní àárọ̀ kẹta, mo fi ti Màmá kún un, mo bẹ̀ ẹ́ níṣojú gbogbo olùgbọ́. Mo wo ẹ̀yìn gíláàsì bóyá ó ń sunkún. Bírò ló ń lò. Nígbà tí mo jáde, mo lọ wo ohun tó kọ:

"Aago mẹ́jọ. Ọ̀gá tọrọ àforíjì. Ó dárúkọ mi. Kò sùn."