Mọ́mì Jẹ́rìí Kí Iṣẹ́ Mi Tó Parí

Ọpẹ́ ni kí n fi ṣíwájú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó mú mi láti orí bẹ́ǹṣì ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní Ìbà, níbi tí a ti ń ka Sáàmù kí a tó ṣe ìṣirò, tó sì fi mí sídìí kọ̀ǹpútà. Mo dúpẹ́ fún iná tó wà láàárọ̀ yìí tí mo fi ń kọ èyí. Mo sì dúpẹ́ fún ìyá ọkọ mi, tí ìgbàgbọ́ wọn máa ń parí iṣẹ́ ṣáájú ẹni tó ń ṣe é.

Ìgbó-Elérin ni a ń gbé, èmi, ọkọ mi àti Mọ́mì. Ọkọ mi ń tún ìnfátà ṣe ní Àlàbá. Èmi ń ṣiṣẹ́ láti ilé fún ilé iṣẹ́ kan tí ọ̀gá mi níbẹ̀ ń gbé lókè òkun. Orí fóònù ni a ti ń ríra. Iṣẹ́ wa jẹ mọ́ dìbọ́gà, ìyẹn ètò tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fi ń wá ibi tí àṣìṣe wọn sá pamọ́ sí. Abala kọ̀ọ̀kan nínú ètò ló ní orúkọ tirẹ̀. Bí èèyàn bá tẹ ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ kan sínú dìbọ́gà, tó sì tẹ bọ́tìnì táàbù, dìbọ́gà yóò parí orúkọ náà fún un, tàbí kó kó gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde kó lè mú èyí tó fẹ́. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún Mọ́mì, wọ́n ní ohun tí àwọn náà máa ń ṣe nìyẹn bí mo bá ń sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni. Ó pẹ́ tí mo ti parí gbólóhùn kan kẹ́yìn nínú ilé wa.

Ilé iṣẹ́ wa ní kí n kọ ìdánwò tí yóò máa yẹ dìbọ́gà wò, bóyá ó ń parí orúkọ bó ṣe yẹ. Mo kọ ètò kékeré kan, mo kó oríṣiríṣi orúkọ sínú rẹ̀, mo sì ní kí ìdánwò náà tẹ ìbẹ̀rẹ̀ wọn, kó retí pé kí gbogbo wọn jáde láìku ẹyọ kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ó yege. Mo dúpẹ́ sókè láti inú yàrá. Mọ́mì, tí wọ́n ń lọ aṣọ funfun wọn ní pálọ̀, béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní iṣẹ́ ti yọrí. Ohun tí mo sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, nínú ìjọ wa ní Òkokomáìkò, Mọ́mì dìde nígbà ẹ̀rí. Wọ́n ní ìyàwó àwọn ti ń bá iṣẹ́ kan jà ọjọ́ ti pẹ́, pé àwọn òyìnbó gan-an ti gbé e tì, ṣùgbọ́n Ọlọ́run Mímọ́ ti ṣe é, ó sì ti yege pátápátá. N kò mọ òyìnbó kankan tó gbé e tì. Ṣùgbọ́n ìjọ ké Halelúyà, wọ́n sì ní kí a mú ìdúpẹ́ wá ní ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀. Kí a tó délé, Mọ́mì ti dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ti ra èso ìdúpẹ́: ọsàn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí kò tíì pọ́n.

Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀gá mi pè. Ìdánwò mi kùnà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohun tí èmi ń kọ kọ́ ni ẹ̀rọ ń gbọ́. Ètò kan wà láàárín tó ń yí i padà sí èdè ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpáílà là ń pè é, ó sì ju oríṣi kan lọ. Ọ̀kan ni mo fi dán tèmi wò. Òmíràn ni ọ̀gá mi ń lò, àwọn tí à ń bá ṣiṣẹ́ sì ń lo méjèèjì. Lọ́dọ̀ mi, gbogbo orúkọ jáde. Lọ́dọ̀ rẹ̀, díẹ̀ ló jáde, àwọn yòókù pòórá bí ẹni pé n kò kọ wọ́n rí.

Mo lọ bá Mọ́mì, mo fi pẹ̀lẹ́ sọ fún wọn pé iṣẹ́ náà kò tíì yọrí tán. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀.

"Ìyàwó mi, èmi kò ní padà síwájú pẹpẹ lọ sọ fún Ọlọ́run pé a fẹ́ tún un kà."

Mo ní kì í ṣe Ọlọ́run ló ṣàṣìṣe.

"Mo mọ̀. Kì í ṣe Òun ni wọ́n gbà síṣẹ́."

Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ nìkan. Nínú ìjọ wa, wọn kì í bá ẹni tó jẹ́rìí ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ wí. Wọ́n kàn máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbàkigbà tó bá tún dìde ni. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti wà lẹ́yìn wọn ni Mọ́mì ti ń jẹ́rìí níbẹ̀, tí gbogbo èèyàn sì ń gbà wọ́n gbọ́. N kò fẹ́ kó jẹ́ orí iṣẹ́ tèmi ni wọn yóò ti di ẹni ẹ̀rín.

Ọkọ mi kò ràn mí lọ́wọ́. Bó bá ti dé láti Àlàbá nírọ̀lẹ́, ilé ìdáná ló máa ń kọ́kọ́ wọ̀, yóò tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wò, yóò sì kígbe sí mi pé ó ti ń rọ̀ o, kọ̀ǹpáílà ńkọ́?

Ọ̀gá mi wá mú ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wá. Ó ní kí n kọ ọ́ sínú ìdánwò náà pé bó bá ti bá kọ̀ǹpáílà kejì pàdé, kó fò ó. Kò ní kùnà mọ́, nítorí kò ní dán an wò rárá. Ó wù mí. Mo sọ fún Mọ́mì níbi tí a ti ń ṣa ẹ̀wà.

Wọ́n béèrè pé, "Bí o bá fò ó, ṣé àwọn orúkọ tó sọnù yẹn yóò jáde?"

Mo ní rárá.

"Ṣé ohun tí mo sọ níwájú ìjọ ni pé ìyàwó mi fò ó?"

Mo nu ọwọ́ mi sára aṣọ, mo padà sídìí kọ̀ǹpútà.

Mo gba kọ̀ǹpáílà kejì sórí ẹ̀rọ tèmi. Mo kọ ètò tó kéré jọjọ, orúkọ méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Mo jẹ́ kí ètò náà pe ọ̀kan ṣiṣẹ́, n kò sì jẹ́ kó lo èkejì fún ohunkóhun. Èyí tí mo pè ni kọ̀ǹpáílà yẹn dá sí. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò pè, ó gbé e sọnù. Mo wá wo ìdánwò mi. Mo ti kó orúkọ sínú rẹ̀ bí ẹni ń kó àwo sí kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ṣe iṣẹ́ kankan. Kọ̀ǹpáílà àkọ́kọ́ ń fi gbogbo wọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èkejì kò rí ìdí tó fi yẹ kó gbé wọn.

Mo sáré lọ ṣàlàyé fún Mọ́mì. Inú wọn dùn sí kọ̀ǹpáílà kejì ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ní bí àwọn ṣe darí ẹgbẹ́ obìnrin nìyẹn nígbà tí àwọn jẹ́ olórí: ẹni tí kì í gbálẹ̀, tí kì í kọrin, tí kì í bẹ aláìsàn wò, àwọn kì í kà á mọ́ ẹgbẹ́.

"Ìwọ lo ń kó ọ̀lẹ jọ," ni wọ́n wí. "Fún wọn níṣẹ́."

Mo ní ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe gan-an nìyẹn.

Mo jẹ́ kí ètò náà pe abala kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ fún iṣẹ́ tí kò tó nǹkan. Mo fi kọ̀ǹpáílà àkọ́kọ́ dán an wò, ó yege. Mo fi èkejì dán an wò, gbogbo orúkọ jáde. Mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi láìpariwo. Nígbà tó fèsì pé ó yege lọ́dọ̀ òun náà, pé òun ti gbà á wọlé, ni mo tó dúpẹ́ sókè.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, Mọ́mì ti múra tán nínú aṣọ funfun, ọkọ mi sì ti gbé èso dání. Mọ́mì dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n yíjú sí mi.

"Kọ̀ǹpáílà yìí, ṣé kò sí ẹ̀kẹta?"

Ọkọ mi ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó lanu. Mo ní wọ́n wà, Mọ́mì, a kò tíì dán wọn wò. Wọ́n mi orí, a sì jáde.

Nígbà tí wọ́n pè wá síwájú, Mọ́mì ní àwọn fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan kí a tó gbàdúrà.

"Ẹ̀rí tí mo jẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yára díẹ̀. Kọ̀ǹpáílà méjì ni wọ́n. Orí ọ̀kan ló ti yege nígbà yẹn. Ó ti yege lórí méjèèjì báyìí. Àwọn kan tún kù. Ìyàwó mi kò tíì débẹ̀, ẹ má bi mí."

Ìjọ rẹ́rìn-ín, wòlíì ìjọ wa náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ké Halelúyà, ó sì lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tí kọ̀ǹpáílà jẹ́. Mọ́mì ló sọ ọ́, ó tó wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí dé ìhín, kí Ọlọ́run fún yín ní ẹni tí yóò yọ̀ fún yín kí ẹ tó parí, kó sì fún yín lágbára láti parí. Kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi yín sọ má ṣe já sí irọ́. Àmín.